Ìsọ̀ núdù kékeré tó máa ń kún fọ́fọ́ ní Bangkok: báwo la ṣe ń jẹun níbẹ̀?

Ọmọ_Alhaja, ọjọ́ Ajé, aago 8 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Bangkok ni èmi àti màmá mi wà báyìí. Aṣọ la wá rà, àdúgbò Pratunam la sì dé sí. Ọjọ́ kẹta wa nìyí, ó ku mẹ́rin. Búrẹ́dì àti ẹyin ti sú Màmá, gààrí tí a dì sínú báàgì sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ìsọ̀ kékeré kan wà ní ẹ̀yìn hòtẹ́ẹ̀lì wa tó jẹ́ pé núdù nìkan ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Àga rọ́bà bíi méjìlá ló wà níbẹ̀, tí ọ̀sán bá sì ti pọ́n, èrò á ti tò dé ojú títì. Òórùn ọbẹ̀ wọn ń wọlé bá wa nínú yàrá. A ti lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lákọ̀ọ́kọ́, a dúró lẹ́nu ọ̀nà fún bí ìṣẹ́jú 10, kò sẹ́ni tó dá wa lóhùn. Àwọn tó dé lẹ́yìn wa ń gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, wọ́n ń jókòó, wọ́n ń jẹun. Ó dun Màmá gan-an, wọ́n ní ṣé nítorí àwọ̀ wa ni. Lẹ́ẹ̀kejì, a wá ibì kan jókòó sí. Ọmọbìnrin kan fi bébà kékeré kan sílẹ̀ lórí tábìlì, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Èdè wọn nìkan ló wà lára bébà náà, kò sí àwòrán kankan. A ò mọ ohun tí a ó ṣe sí i, la bá dìde.

Màmá kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, èmi náà kì í jẹ ẹ́. Ata kò dẹ́rù bà wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti jẹun ní irú ibẹ̀ rí, ẹ là wá lọ́yẹ̀. Mi ò fẹ́ kí Màmá padà sí Èkó pẹ̀lú èrò pé wọn ò fẹ́ rí wa níbí.

Ìyá_Léèsì_Balógun, ọjọ́ Ajé, aago 8:40 alẹ́

Ọmọ mi, ẹ kú ìrìn. Bá mi kí Alhaja, kí o ní mo ní kí wọ́n má bínú. Ọdún kẹrìndínlógún rèé tí mo ti ń ra ọjà ní Pratunam àti Bobae, irú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín yìí ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà tí mo kọ́kọ́ dé. Kì í ṣe àwọ̀. Ní irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń mú oníbàárà lọ síbi àga. Ẹni tó bá wọlé ló ń wá àyè fúnra rẹ̀, kódà kí àwọn mìíràn ti wà nídìí tábìlì yẹn. Wàá kàn tẹrí ba díẹ̀ fún wọn, wàá sì jókòó. Bí o bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ohun tí wọ́n á rò ni pé ẹnì kan lò ń dúró dè.

Ẹ kíyè sí ibi tí ìkòkò wà. Iwájú ìsọ̀ ló sábà máa ń wà, ẹni tó ń se é á dúró sídìí rẹ̀, oríṣiríṣi núdù á sì wà nínú àpótí gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ lọ. Fi ìka tọ́ka sí núdù tí o fẹ́, tọ́ka sí ẹran, na ìka méjì sókè fún abọ́ méjì. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá lọ jókòó. Gbólóhùn tí mo gbọ́ nínú èdè wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n mi ò fi ebi sùn níbẹ̀ rí.

Bébà yẹn, bírò ni wọ́n fi ń sàmì sí i. Ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ irú núdù tàbí irú ẹran kan. Bó bá jẹ́ pé Google Translate wà lórí fóònù rẹ, gbé kámẹ́rà sí i, á túmọ̀ rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ lè rí gándangàndan o, ṣùgbọ́n á jẹ́ kí o mọ ibi tí ẹlẹ́dẹ̀ wà.

Ẹ lọ kí aago 11 àbọ̀ tó lù, tàbí kí ẹ dúró di aago 2. Láàárín méjèèjì, àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ló ń jẹun. Ẹ má pẹ́ jù náà o, nítorí bí ìkòkò bá ti gbẹ, wọ́n ti ṣíwọ́ nìyẹn. Bí ẹ bá jẹun tán, kí ẹ dìde, àwọn tó wà lórí ìdúró ń wo àga yín. Ìparí oúnjẹ ni wọ́n ń gba owó. Owó kéékèèké ni kí ẹ mú lọ, 20 àti 50 àti 100 baht. Ẹni tó bá na 1,000 baht sí oúnjẹ 60 baht, ìdààmú ló kó bá olóúnjẹ.

Adé_Arìnrìnàjò, ọjọ́ Ajé, aago 9:15 alẹ́

Gbogbo ohun tí Ìyá Léèsì sọ ló rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí ẹ ti wà ní Pratunam, ẹ má fi ti Victory Monument sílẹ̀. Ọ̀wọ̀n gogoro tí wọ́n kọ́ ní 1941 ni, àárín oríta ńlá ló wà, ọkọ̀ ojú irin orí afárá sì dúró síbẹ̀. Ẹ wọ̀ ọ́ ní Ratchathewi, ibùdókọ̀ kejì ni. Létí odò tóóró kan nítòsí ibẹ̀ ni àwọn ìsọ̀ tó ń ta kuaitiao ruea wà, ìyẹn núdù ọkọ̀ ojú omi.

Abọ́ wọn kéré, ẹnu mẹ́ta mẹ́rin ló ti parí, nǹkan bíi 20 baht lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí o bá jẹ ọ̀kan tán, wàá kó abọ́ rẹ̀ lé òmíràn, tí o bá máa sanwó wọn á wá ka abọ́. Láyé àtijọ́, inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti ń ta á lóòótọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń tukọ̀, òun ló ń se é, òun ló ń nà án sí oníbàárà létí odò. Abọ́ ńlá tó kún fún ọbẹ̀ gbígbóná á dà sí i lára, ìdí nìyẹn tí abọ́ fi kéré. Nígbà tí mo gbọ́ ìtàn yìí, àwọn ìyá tó ń kiri oúnjẹ nínú ọkọ̀ ní Mákòókò ni mo rántí. Ọbẹ̀ rẹ̀ dúdú, ó ki, ó sì ń ta sánsán. Abọ́ mọ́kànlá ni mo jẹ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ mú èyí tó jẹ́ ẹran màlúù, kò ní sí ìṣòro fún Alhaja.

Táíwò_Ramkhamhaeng, ọjọ́ Ajé, aago 10 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Adé, ẹ má bínú, ìṣòro wà níbẹ̀ gan-an. Ohun tó jẹ́ kí ọbẹ̀ yẹn dúdú tó sì ki ni ẹ̀jẹ̀. Nam tok ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ti màlúù ni wọ́n máa ń pò mọ́ ọbẹ̀ gbígbóná. Kódà bí ẹ bá mú ẹran màlúù, ẹ̀jẹ̀ ṣì lè wà nínú omi ọbẹ̀. Alhaja kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án láìbèèrè.

Èmi ti ń kàwé níbí láti ọdún mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí n to ohun tí ẹ máa rí lẹ́sẹẹsẹ. Núdù ni ẹ ó kọ́kọ́ yàn. Sen lek ni tín-ín-rín pẹlẹbẹ, òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jẹ. Sen yai fẹ̀ bí ìgbànú. Sen mi rí bí òwú. Ìrẹsì ni wọ́n fi ṣe àwọn mẹ́ta yẹn. Ba mi ló jọ indómì, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, fúláwà àti ẹyin ni. Wun sen máa ń mọ́ gaara bíi gíláàsì. Lẹ́yìn èyí, ẹ ó sọ bóyá ẹ fẹ́ kó lómi tàbí kó gbẹ. Nam ni olómi, haeng ni gbígbẹ.

Ẹran wá kù. Mu ni ẹlẹ́dẹ̀, nuea ni màlúù, kai ni adìyẹ, pla ni ẹja. Luk chin ni ẹran tàbí ẹja tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n ṣù rìbìtì, ẹ ṣọ́ ọ, nítorí luk chin mu wà, luk chin pla náà wà. Bí ẹ bá fẹ́ sọ pé ẹ kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, "mai kin mu". Bí ẹ ò bá fẹ́ ẹ̀jẹ̀, "mai sai lueat". Obìnrin á fi "kha" parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ọkùnrin á fi "khrap" parí tirẹ̀. Ẹ má yọ ìyẹn sílẹ̀, ọ̀wọ̀ ló wà nínú rẹ̀.

Adé_Arìnrìnàjò, ọjọ́ Ajé, aago 10:20 alẹ́

Ẹ ṣeun gan-an tí ẹ tún un ṣe. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ni, wọn ò sọ fún mi, èmi náà ò sì bèèrè. Ọmọ Alhaja, ẹ má tẹ̀lé ìmọ̀ràn mi lórí ti màlúù yẹn o.

Alfa_Kékeré, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 6 àárọ̀

As-salamu alaykum. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Táíwò, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn pé "mai kin mu" tó fún Alhaja. Ẹni tí ẹ bá sọ ọ́ fún á yọ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kúrò lórí abọ́ yín ni. Kò lè yọ ọ́ kúrò nínú ìkòkò. Ní ọ̀pọ̀ ìsọ̀ núdù, egungun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń se omi ọbẹ̀ láti òru. Ajọ̀ kan náà tí wọ́n fi bọ núdù ẹlòmíràn ni wọ́n máa fi bọ tiyín. Kódà èyí tí wọ́n fi ẹja ṣe, ọbẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n lè dà lé e. Olóúnjẹ kò ṣẹ̀ yín, ohun tí ẹ bèèrè ló fún yín.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Pratunam, Ọlọ́run ti ṣe é ní ìrọ̀rùn fún yín. Ẹ wá òpópó kan tí wọ́n ń pè ní Phetchaburi Soi 7, nítòsí ibùdókọ̀ Ratchathewi yẹn. Mọ́sálásí Darul Aman wà níbẹ̀, àwọn Mùsùlùmí ló sì ń ta oúnjẹ yí i ká. Mo fi ẹsẹ̀ rìn láti Pratunam dé ibẹ̀, kò rẹ̀ mí. Núdù ẹran màlúù wà níbẹ̀, ìrẹsì pẹ̀lú adìyẹ náà wà. Àdúgbò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ sápá odò ni Ban Khrua. Àwọn Cham, tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, ló tẹ̀ ẹ́ dó, ahunṣọ sì ni wọ́n. Ṣẹ́dà tí wọ́n ń hun níbẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kí aṣọ Thailand lókìkí káàkiri ayé. Aláṣọ ni Alhaja, wọ́n á fẹ́ràn àtirìn níbẹ̀.

Ibi yòówù tí ẹ bá lọ, ẹ wo àmì. Èyí tí ìgbìmọ̀ Mùsùlùmí ilẹ̀ Thailand ń fún àwọn olóúnjẹ rí bíi dáyámọ́ǹdì, "halal" ni wọ́n fi èdè Lárúbáwá kọ sí àárín rẹ̀. Ìsọ̀ ojú títì lè máà ní i, ṣùgbọ́n ẹ ó rí òṣùpá àti ìràwọ̀, tàbí Bismillah lára ògiri.

Táíwò_Ramkhamhaeng, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 7:30 àárọ̀

Òótọ́ ni Alfa sọ. Ohun tí èmi ń wí bá ẹni tí kò kàn fẹ́ràn ẹlẹ́dẹ̀ mu, kò bá ẹni tí ẹ̀sìn kà á léèwọ̀ fún mu. Ó yẹ kí n yà wọ́n sọ́tọ̀.

Bọ́sẹ̀_Ẹ̀gbá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 9 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ nípa àwọn ìgò mẹ́rin tó máa wà lórí tábìlì. Ṣúgà wà nínú ọ̀kan! Wọ́n ń bu ṣúgà sínú ọbẹ̀ ẹran. Èmi rò pé iyọ̀ ni, mo bu ṣíbí kan ààbọ̀ sí i, oúnjẹ mi bàjẹ́. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má fọwọ́ kan ìgò kankan. Ata gbígbẹ wọn yẹn náà, kì í ṣe ẹgbẹ́ ata wa. Ẹni tó ń jẹ ata rodo kò gbọ́dọ̀ fi ìyẹn gbọ́kàn lé e.

Kọ́lá_Alásè, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 9:50 àárọ̀

Àǹtí Bọ́sẹ̀, ẹ kú ìrírí. Iṣẹ́ oúnjẹ ni mo ń ṣe, n kò sì gbà pé kí wọ́n má fọwọ́ kan ìgò. Ọbẹ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ yẹn, wọn kò tíì parí rẹ̀. Ìwọ tí o fẹ́ jẹ ẹ́ ni wọ́n fi ìparí sílẹ̀ fún. Ìgò mẹ́rin yẹn, ṣúgà ni kan, omi ẹja oníyọ̀ tí wọ́n ń pè ní nam pla ni kejì, ata gbígbẹ tí wọ́n gún ni kẹta, fínígà tí wọ́n gé ata tútù sí ni kẹrin. Adùn, iyọ̀, ata, ìkan. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: kọ́kọ́ tọ́ omi ọbẹ̀ wò láìfi nǹkan kan sí i. Bí kò bá níyọ̀ tó, nam pla díẹ̀. Fínígà ṣíbí kékeré kan á gé ọ̀rá rẹ̀. Ṣúgà, ìdajì ṣíbí kékeré, kì í ṣe kí ọbẹ̀ lè dùn bíi tíì, ó kàn ń mú kí ata àti fínígà bára wọn mu ni. Àwa náà ń ṣe irú rẹ̀: ta ni kì í mọ̀ bí tòmátì bá kan jù nínú ọbẹ̀, tó ń wá ohun tí á rọ̀ ọ́?

Lórí ata, mo gbà pẹ̀lú yín. Wọ́n yan án kí wọ́n tó gún un, kì í tètè ta ènìyàn lẹ́nu. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ti bu ìkejì sí i kí ìkíní tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Àwọn ewé tútù tó máa wà nínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín náà, ẹ já a sínú ọbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, horapha, ìbátan ẹfinrin ni. Ẹ fi ọwọ́ ra á kí ẹ gbóòórùn rẹ̀, ẹ ó mọ̀ ọ́n.

Ẹ má sì fi igi méjì tí wọ́n fi ń mú núdù jẹ da ara yín láàmú. Ọ̀dọ̀ àwọn Ṣáínà ni núdù àti igi ti wá bá wọn. Ìrẹsì wọn, ṣíbí àti fọ́ọ̀kì ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Bí Alhaja bá bèèrè fọ́ọ̀kì, "som" ni wọ́n ń pè é, wọ́n á fún wọn tọkàntọkàn.

Bọ́sẹ̀_Ẹ̀gbá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 10:10 àárọ̀

Ẹ ṣeun, Kọ́lá. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi báyìí rí. Ṣúgà ṣì ń kọ mí lóminú, ṣùgbọ́n màá dán fínígà wò bí mo bá tún lọ.

Màmá_Ìbejì_Ìjẹ̀bú, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 12 ọ̀sán

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀pà kò bá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi lára mu rárá, ó máa ń wú lójú àti lọ́fun. A ń lọ ní oṣù tó ń bọ̀. Ṣé ó wà nínú núdù wọn?

Táíwò_Ramkhamhaeng, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 12:30 ọ̀sán

Ó wà o, Màmá Ìbejì. Wọ́n máa ń gún un, wọ́n á wọ́n ọn sórí pad thai, ìyẹn núdù díndín wọn, ó sì wà nínú núdù tom yam, èyí tó ta tó sì kan. Edé gbígbẹ náà wà káàkiri. Ẹ má fi ẹnu nìkan sọ ọ́. Ẹ ní kí òṣìṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì kọ ọ́ sínú bébà ní èdè wọn pé ẹ̀pà ń ṣe ọmọ yín ní ìjàǹbá, kí ẹ fi han ẹni tó wà nídìí ìkòkò gan-an, kì í ṣe ẹni tó ń gbé abọ́. Òògùn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kúrò nínú báàgì yín. Bí ẹ bá rí i pé ọwọ́ kan náà ló ń bu ẹ̀pà tó tún ń bu núdù, ẹ wá ibòmíràn.

Mo gbàgbé nǹkan kan fún Ọmọ Alhaja. Níbí, wọn kì í pe àgbà lórúkọ lásán. Ẹni tó jù ọ́ lọ ni "phi", ọkùnrin tàbí obìnrin, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó kéré sí ọ ni "nong", àbúrò. Obìnrin tó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ni "pa". Ọmọ tó ń gbé abọ́ yẹn, pè é ní "nong kha", wàá rí i pé ó máa yíjú sí ọ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, "excuse me" ni mo ń pariwo, kò sẹ́ni tó ń gbọ́.

Ọmọ_Alhaja, Ọjọ́rú, aago 9 alẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́.

Mo kọ́kọ́ dá lọ sí ìsọ̀ ẹ̀yìn hòtẹ́ẹ̀lì láàárọ̀ òní, aago 10:45, nítorí ọ̀rọ̀ Alfa nípa ìkòkò kò kúrò lọ́kàn mi. Ìdí ìkòkò ni mo gbà lọ. Mo fi "sawatdi kha, phi" kí obìnrin tó wà níbẹ̀. Obìnrin náà wo ìborùn mi, ó mi orí, ó tọ́ka sínú ìkòkò, ó ní "mu, mu". Ó tún fi ajọ̀ gbé egungun jáde kí n lè rí i. Nígbà náà ló yé mi. Èmi àti Màmá, ìborùn ló wà lórí wa lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ lọ. Bóyá wọ́n ti mọ̀ pé oúnjẹ àwọn kò tọ́ sí wa, tí wọn ò sì mọ bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí ọ̀nà Ratchathewi, ó sọ ohun kan tí "Islam" wà nínú rẹ̀. Ibi tí Alfa júwe náà ni!

A lọ lọ́sàn-án. Obìnrin oníborùn kan ló wà nídìí ìkòkò. Màmá kí i ní "As-salamu alaykum", ó sì dáhùn tọ̀yàyà tọ̀yàyà, ó fa àga fún wọn. Sen lek olómi pẹ̀lú ẹran màlúù ni a mú. Ẹran náà rọ̀ débi pé Màmá kò nílò eyín. Wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n bu fínígà, wọ́n bu ata, wọ́n kọ̀ jálẹ̀ pé ṣúgà kò ní wọ inú ọbẹ̀ àwọn. Èmi bu ìdajì ṣíbí sí tèmi. Kọ́lá, òótọ́ lẹ sọ. Ẹfinrin yẹn ni Màmá fi ọwọ́ ra, wọ́n ní òórùn ilé ìyá àwọn ní Ìsẹ́yìn ni. Abọ́ méjì ni wọ́n jẹ. Nígbà tí mo sọ fún wọn ohun tí obìnrin ẹ̀yìn hòtẹ́ẹ̀lì ṣe, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní kí a ra èso lọ fún un lọ́la.

Ìbéèrè kan ló kù. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì la máa lọ sí pápá ọkọ̀ òfurufú, kò ní sí àyè láti jókòó jẹun. Ṣé wọ́n ń di núdù olómi fún ènìyàn gbé lọ?

Ìyá_Léèsì_Balógun, Ọjọ́rú, aago 9:30 alẹ́

Wọ́n ń dì í dáadáa, ọmọ mi. Sọ pé "sai thung". Wọ́n á di omi ọbẹ̀ sínú ọ̀rá kan, núdù àti ẹran sínú òmíràn, ṣúgà àti ata á wà nínú ọ̀rá kéékèèké, rọ́bà ni wọ́n á fi so ó le koko. Má jẹ́ kí wọ́n da ọbẹ̀ lé núdù níbẹ̀, á ti wú kí ẹ tó dé yàrá. Yá abọ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì kí o tó lọ. Kí ẹ jẹ ẹ́ ní yàrá kí ẹ tó gbéra o, àwọn ẹ̀ṣọ́ pápá ọkọ̀ òfurufú kò ní jẹ́ kí ọbẹ̀ kọjá. Èso tí Alhaja fẹ́ rà yẹn, ọsàn ni kí ẹ rà, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fún un.